Eré Ni Kí Á Fi Kọ́ Wọn, Ṣùgbọ́n Eré Ta Ni?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí abala yìí kì í ṣe ti ìdìbò ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ti àwọn tí wọn kò tíì san owó ẹgbẹ́ (ọjọ́ tiwọn ń bọ̀). Ọ̀rọ̀ àwọn àbúrò wa ni, àwọn ọmọ ọdún méje, mẹ́jọ, mẹ́wàá, tí fóònù ti di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn wọn. Láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Irú àdá wo ni a ó wá lò? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà.

Nígbà tí GSM wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 2001, èyí tó pọ̀ nínú àwa tí à ń kàwé ní yunifásítì lónìí kò tíì dáyé, àwọn tó sì ti dáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò ni. Nǹkan bàbá ni fóònù nígbà náà. Ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó ni wọ́n ń gbé e sí. Lónìí, bí ẹ bá rìn láti Ugbowo dé Uselu, kí ẹ sì já sí Ring Road, ẹ ó ka ogún ọmọ tó dorí kodò sórí fóònù kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń lọ. Ìyá wà ní ọjà New Benin, ó ń wọn gààrí. Ọmọ wà lábẹ́ tábìlì, ó ń bá ẹni tí kò rí rí ṣeré. Ìyá rò pé ọmọ òun wà lọ́dọ̀ òun. Òótọ́ ni pé ara rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ta ni ẹni tí ọmọ náà ń bá ṣeré? Nínú ọ̀pọ̀ eré orí fóònù, irú bíi Free Fire, àwọn tó ń ta á lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ní kíkọ tàbí ní ohùn. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá lè jẹ́ bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta. Yóò kọ́kọ́ bá ọmọ yín ṣeré títí wọn yóò fi mọwọ́ ara wọn. Yóò ta á lọ́rẹ lára ohun ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń fowó rà nínú eré náà. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè yóò bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé wo lò ń lọ? Ta ló wà nílé báyìí? Ya fọ́tò ara rẹ kí n rí ọ. Ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù mọ́mì rẹ fún mi. Ọmọ tó ka nọ́ńbà mẹ́fà yẹn jáde kò mọ̀ pé owó ọjà ìyá òun tó wà ní báńkì ni òun ń kà lé olè lọ́wọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ńṣe ni à ń fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà á, kí ó gbọ́ èyí. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Meta, tó ni Facebook àti Instagram, kéde pé àwọn ti pa nǹkan bíi 63,000 ojú ìwé Instagram rẹ́ ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ni pé wọn yóò fi àwòrán ọmọbìnrin tan ènìyàn, wọn yóò ní kí ó fi fọ́tò ìhòòhò ara rẹ̀ ránṣẹ́, wọn yóò sì wá máa fi fọ́tò náà halẹ̀ mọ́ ọn pé bí kò bá sanwó, gbogbo ayé ni yóò rí i. Àgbàlagbà ọkùnrin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lé jù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí kò tíì tó àgbà wà lára àwọn tí wọ́n dẹ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ọmọkùnrin ọdún 17 kan ní ìpínlẹ̀ Michigan kú látọwọ́ ara rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ tí irú ìhàlẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Èkó ni àwọn tó ń halẹ̀ mọ́ ọn wà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, ọjọ́ orí wọn kò sì ju tiwa lọ. Wọ́n kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 2023. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

A mẹ́nu ba èyí nítorí pé ojú méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní. Ọmọ wa lè di ẹran. Ọmọ wa sì lè di ẹkùn.

Ní Benin tí a ń gbé yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ mọ ìtàn àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n tàn lọ sí Ítálì. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ṣépè fún àwọn tó ń kó ọmọ ènìyàn tà, ó sì tú ìbúra tí wọ́n fi de àwọn ọmọbìnrin náà mọ́lẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìpínlẹ̀ Edo ṣe òfin tirẹ̀ lòdì sí òwò náà. Láyé ìgbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa wà lọ́mọdé, ‘àǹtí’ kan ní láti wá sílé kí ó sì jókòó ti òbí kí ó tó lè mú ọmọ lọ. Ó kéré tán, àwọn aládùúgbò yóò rí ojú rẹ̀. Lónìí, inú WhatsApp ni àǹtí yóò ti bá ọmọ sọ̀rọ̀ pé iṣẹ́ irun dídì wà nílùú òyìnbó. Kò kanlẹ̀kùn, ajá kò gbó.

Àwọn àgbà kan ní ojútùú kan ṣoṣo: ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn. A ti gbọ́ ọ nílé, a gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a gbọ́ ọ ní mọ́sálásí. A bọ̀wọ̀ fún ẹnu àgbà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ tiwa. Bí ẹ bá gba ti ilé, ti ọmọ aládùúgbò ńkọ́? Iṣẹ́ àṣetiléwá tí tíṣà fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ńkọ́? Ọmọ tí a kàn gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kò kọ́ ohun kan ju bí yóò ṣe máa lò ó ní ìkọ̀kọ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá sì wá halẹ̀ mọ́ ọn, kò ní lè sọ nílé, nítorí ohun tí yóò kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ni pé òun di fóònù mú. Ẹnu tó dákẹ́ yẹn gan-an ni ẹkùn ń wá.

Òfin náà wà o. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà láti ọdún 2003. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n kí ènìyàn máa pín fọ́tò ìhòòhò ọmọdé tàbí kí ó máa fi íntánẹ́ẹ̀tì dẹ ọmọdé. Facebook, Instagram àti TikTok náà ní àwọn kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti mọ bí a ṣe ń purọ́ ọdún ìbí kí ó tó mọ ìsodipúpọ̀ mẹ́sàn-án?

Èyí ló mú wa fara mọ́ àwọn tó ní eré ni kí a fi kọ́ wọn. Kì í ṣe àbá tuntun. Ní ọdún 2017, Google gbé eré kan jáde tí wọ́n pè ní Interland. Ìlú mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀kan, ọmọ yóò máa dáhùn ìbéèrè kí ó lè sọdá odò kan, ohun tó sì ń kọ́ níbẹ̀ ni bí a ṣe ń dá ẹlẹ́tàn mọ̀. Ní òmíràn, yóò máa sá pẹ̀lú ìṣúra, yóò máa fi lẹ́tà àti nọ́ńbà ṣe páásíwọ́ọ̀dù tó le kí olè má bàa wọlé. Ìlú kan ń kọ́ ọ pé kí ó ronú kí ó tó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ han ẹlòmíràn. Ìlú kẹrin ń kọ́ ọ pé kí ó má ṣe fi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. FBI ti Amẹ́ríkà pàápàá ní tiwọn fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Àjọ ITU, tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tún ìlànà wọn lórí ààbò ọmọdé ṣe ní ọdún 2020, wọ́n sì yàwòrán ẹ̀dá kékeré kan tí yóò máa bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀. Sango ni wọ́n sọ ọ́. Eré tirẹ̀ ń jẹ́ Online with Sango. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa ti rín tiwa tán. Olúkòso tí a mọ̀ kì í fi ẹ̀rín músẹ́ bá olè àti òpùrọ́ wí.

Kí wá ni ìyàtọ̀ láàárín eré àti ìwàásù? Ìwàásù ń sọ fún ọmọ pé iná ń jóni. Eré ń jẹ́ kí ó na ọwọ́, kí ó jó o díẹ̀, láìsí egbò. Àwọn baba wa mọ èyí kí Google tó dé. Ta ló fi ìwé kọ́ ọmọ ayò? Ìdí ọpọ́n ni ó ti ń kọ́ ìṣirò, tí ó sì ń kọ́ pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí òun lè máa ka ọmọ ayò òun lójú. Ẹ tún wo eré ẹkùn mẹ́ran. Ẹnìkan di ẹkùn, ẹnìkan di ẹran, àwọn yòókù di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n di ọgbà. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹran nìkan ló ń gbà á là. Bí ọwọ́ àwọn tó ṣe ọgbà bá já, ẹran ti tán. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ nípa íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kọ́ ẹran nìkan ní eré sísá, wọn kì í wo ọwọ́ ọgbà rárá. Òbí, tíṣà, ẹ̀gbọ́n, aládùúgbò: àwa ni ọgbà náà.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má lo eré Google. A ti lò ó, ó dára lójú, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ dátà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì bá nínú èyí tí a lò. Ọmọ kan tí a fún ta á borí gbogbo ìlú ìṣúra náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Nígbà tí alẹ́ yóò fi lẹ́, ó ti fi páásíwọ́ọ̀dù fóònù bàbá rẹ̀ gba bisikíìtì lọ́wọ́ ọmọ kejì. Kò purọ́, kò jalè. Kò kàn mọ̀ pé ohun tó ṣe nínú fóònù kan ohun tó ń ṣe ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Bí àgbà kan bá jókòó tì í nígbà tó ń ta eré náà, tó sì bi í pé, ‘Ní ilé wa ńkọ́?’, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá gbà yọ.

Ohun mìíràn tún wà tí kò dùn mọ́ wa. Ẹni tó ni eré náà ni ẹni tó ń kó ìsọfúnni jọ. Ní ọdún 2019, Google àti YouTube gbà láti san 170 mílíọ̀nù dọ́là ní Amẹ́ríkà lórí ẹ̀sùn pé YouTube ń kó ìsọfúnni àwọn ọmọdé láìgba àṣẹ òbí wọn. Eré tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe yóò kọ́ ọmọ yín kí ó ṣọ́ olè tó wà níta. Ta ni yóò kọ́ ọ kí ó bi onílé pàápàá léèrè ohun tó ń kọ sínú ìwé?

Ní Kánádà, ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta inú àlọ́ òyìnbó ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan lára àwọn eré tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé nípa pípa àṣírí ara ẹni mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹlẹ́dẹ̀ wọn bá lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ló di Ìjàpá tiwa lọ́wọ́? Ẹ rántí àlọ́ Ajá àti Ìjàpá nígbà ìyàn. Ebi ń pa gbogbo ẹranko, ṣùgbọ́n ara Ajá ń dán. Ó ti gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run, orin kan ló sì máa ń kọ kí ìyá tó ta okùn sílẹ̀ fún un láti gùn lọ jẹun. Ìjàpá bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́, títí ó fi mú un dání. Ó gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gbé e mì. Nígbà tó ṣe, ó dá lọ, ó dá kọrin, okùn sì bọ́ sílẹ̀. Kí ni orin yẹn bí kì í bá ṣe páásíwọ́ọ̀dù? Ìyá kò rí ojú ẹni tó ń kọrin. Orin nìkan ló mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ báńkì ṣe mọ nọ́ńbà tí kò mọ ènìyàn. Ọmọ tó bá gbọ́ àlọ́ yìí dáadáa kò tún nílò àlàyé pé kí òun má fi nọ́ńbà mẹ́fà han ọ̀rẹ́.

Ẹ tún rántí ti ọmọbìnrin tó kọ gbogbo ọkọ tí wọ́n mú wá fún un, tó wá rí arẹwà ọkùnrin kan lọ́jà tó sì tẹ̀lé e. Bí wọ́n ti ń wọ igbó lọ, arẹwà ń dá ẹsẹ̀ padà fún ẹlẹ́sẹ̀, ó ń dá apá padà fún alápá, ó ń san owó ìyálò fún wọn, títí ó fi ku agbárí nìkan. Amos Tutuola lo àlọ́ yìí nínú The Palm-Wine Drinkard tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1952, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lá àlá Facebook. Ẹ wá wo ojú ìwé Facebook àwọn ẹlẹ́tàn: wọ́n yá ojú lọ́wọ́ òyìnbó kan, wọ́n yá iṣẹ́ lọ́wọ́ dókítà, wọ́n yá mọ́tò lọ́wọ́ aládùúgbò. Ẹ ní kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà fún àwọn tó ni ín, kí ẹ wo ohun tí yóò kù.

Nítorí náà ni àwa díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ṣe jókòó, tí a gé páálí, tí a ya ọ̀nà lúdò sórí rẹ̀, tí a sì kọ káàdì mẹ́rìnlélógún. Kò gba iná, kò gba dátà. Bí ọmọ lúdò bá dúró sí ojú ibi tí a kùn ní pupa, ẹni tó ni ín yóò ṣí káàdì kan, yóò kà á sókè, yóò sì sọ ohun tí òun yóò ṣe. Àwọn yòókù ni adájọ́: wọ́n lè ní kí ó sún síwájú, wọ́n lè dá a padà sílé. A kò kọ ìdáhùn sí ẹ̀yìn káàdì. Àríyànjiyàn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn káàdì sọ pé: ‘Ẹnìkan fẹ́ fún ọ ní dátà ọ̀fẹ́, orúkọ ilé-ìwé rẹ nìkan ló fẹ́ mọ̀.’ Òmíràn sọ pé: ‘Ọ̀rẹ́ rẹ ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹnìkan, ó ń sunkún, ó ní kí o má sọ fún mọ́mì òun.’ Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ni a fi ta á pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò ní Ekosodin.

Ohun méjì tí a rí níbẹ̀ ló mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Àkọ́kọ́, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ gbé káàdì fọ́tò dání, ó ní, ‘Bí ó bá jẹ́ pé bùrọ̀dá tí mo mọ̀ ni ńkọ́?’ Àwọn ọmọ yòókù dákẹ́ lọ. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ewu orí íntánẹ́ẹ̀tì, àjèjì ni ọkàn wa máa ń sáré lọ bá; ọmọ yìí mọ̀ pé ẹkùn lè máa jẹun nínú ilé. Ohun tí a sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ‘ya fọ́tò fún mi, má sọ fún ẹnikẹ́ni’, ìbáà ṣe bùrọ̀dá, ìbáà ṣe àǹkú, ìbáà ṣe olùkọ́ ilé kéwú tàbí ti Sunday School, ‘má sọ fún ẹnikẹ́ni’ ni àmì. Ọmọ náà bi wá bóyá òun lè mú káàdì yẹn lọ sílé. A fún un. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa sì bá a lọ, ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò yẹ kí a kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ń sọ pé eré lásán ni, kí ó rò ó wò: ta ni ọmọ yẹn ì bá bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tí kì í bá ṣe pé ó di káàdì eré mú?

Èkejì, gbogbo wọn ló fẹ́ jẹ́ Ìjàpá. Ní ìlú tí ọmọdé ti ń rí ọ̀dọ́ aláìníṣẹ́ tó ń gun Benz, tí àwọn kan sì ń ki ‘Yahoo boy’ bí ẹni ń ki ọba, ẹlẹ́tàn ni akọni. Eré tó bá fún Ìjàpá ní máàkì nítorí pé ó gbọ́n ẹ̀wẹ́ yóò di ilé-ìwé gbájú-ẹ̀ kékeré. Nítorí náà a sọ ọ́ di òfin pé àgbà ni yóò máa ṣe Ìjàpá, òun ni yóò sì máa fìdí rẹmi, bí ó ti ń rí nínú àlọ́. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ráhùn. Nígbà tó yá, inú wọn ń dùn láti rí àwa ọmọ yunifásítì tí à ń ṣubú láti orí okùn ọ̀run.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ti ní èdè Yorùbá nìkan ni kí a fi ta á. A kò gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n bí síhìn-ín tàbí ní Sapele tàbí Warri. Yorùbá inú ilé la mọ̀, Pidgin la fi ṣeré níta. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé láàárín àwọn Ẹ̀dó, Esan àti Urhobo kò lè dá ṣe ọgbà. Kí àlọ́ wà ní Yorùbá kí àwọn ọmọ wa má bàa gbàgbé rẹ̀, kí àríyànjiyàn wà ní èdè tí gbogbo àwọn tó jókòó gbọ́. Àwọn Ẹ̀dó pàápàá ní Ìjàpá tiwọn, Egui ni wọ́n ń pè é, ìwà rẹ̀ kò sì sàn ju ti tiwa lọ.

Ní ọdún 2018 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Edo bẹ̀rẹ̀ ètò EdoBEST, tí wọ́n fi tábúlẹ́ẹ̀tì lé àwọn tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Tíṣà tó ti di tábúlẹ́ẹ̀tì mú rí kò ní bẹ̀rù ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Páálí àti wákàtí kan lọ́sẹ̀ ló kù. Àbá wa fún ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ni pé kí a mú ìdajì owó tí a fẹ́ fi pe olórin sí Ọ̀sẹ̀ Àṣà ọdún yìí, kí a fi tẹ lúdò yìí, kí a sì pín ara wa sí ilé-ìwé mẹ́wàá. A mọ̀ pé àwọn tó ti ra aṣọ ijó yóò bínú sí wa.

Ẹni tó bá fẹ́ fi eré náà dánra wò nílé nígbà ìsinmi yìí, kí ó lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn káàdì wà. A ti tún ti ọmọbìnrin yẹn kọ, nítorí náà mẹ́rìnlélógún ni wọ́n. Kí wọ́n pé mẹ́rìnlélógún nígbà tí ẹ bá ń dá wọn padà, àyàfi bí ọmọ kan bá tún ní kí ẹ jẹ́ kí òun mú ọ̀kan lọ sílé.